Tíì Ìgbà Òtútù Nínú Ọyẹ́ Èkó

Oṣù Kejìlá tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester fi páálí tíì kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Irú páálí tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń rà de Kérésìmesì ni: fèrèsé kéékèèké 24 ló wà lára rẹ̀, nọ́ńbà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, oríṣi tíì kan sì wà lẹ́yìn fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni wọ́n ń ṣí lóòjọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù títí di ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, nígbà tí òtútù ń mú wọn dé egungun tí ilẹ̀ sì ń ṣú ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí páálí náà fi máa dé ọ̀dọ̀ wa ní Sùúrùlérè, oṣù ti rìn jìnnà. Kí ni mo tún fẹ́ máa ka nọ́ńbà sí? Mo tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, mo ní ká tọ́ wọn wò bó ṣe yẹ, ká mọ èyí tó bá ọyẹ́ tiwa mu nínú wọn.

Ọyẹ́ Èkó ọ̀hún náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọyẹ́ Jos. Àárọ̀ kùtù ló ń fi ara rẹ̀ hàn: ètè á gbẹ, eruku á bo gíláàsì ọkọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, òógùn ti ń bọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n pín iṣẹ́ náà sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Àwọn tó ń lọ jayé Detty December ní Island ń bá sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ fínra lórí Third Mainland Bridge. Àwa wà ní bákónì, a ń da omi gbóná.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá gba irú ẹ̀bùn yìí mọ̀ ni pé ọwọ́ tí a fi ń po tíì nílé wa kò bá a mu. Tiwa, àpò Lipton á wà nínú kọ́ọ̀pù títí a ó fi mu ún dé ìdí, mílíìkì á bò ó, ṣúgà á yó o, búrẹ́dì Agége á sì máa wọnú ẹ̀ lọ. Mi ò bá ìyẹn jà o. Tíì máí ṣáì tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, tó máa ń da á láti kọ́ọ̀pù òkè sí kọ́ọ̀pù ìsàlẹ̀ títí yóò fi hó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú u lójú mi. Ṣùgbọ́n tíì tí wọ́n fi èèpo ọsàn, òdòdó tàbí kànáfùrù sí, tí ẹ bá ti rì í sínú mílíìkì àti ṣúgà, owó òórùn rẹ̀ ti wọ gbó.

Mo kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ewé tíì gidi, ìyẹn dúdú àti aláwọ̀ ewé, ara igi kan náà ni gbogbo wọn ti wá, Camellia sinensis lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Èyí tó dúdú ni wọ́n fi sílẹ̀ kí atẹ́gùn pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Èyí tó tutù lójú, wọ́n tètè fi iná kàn án kó má baà dúdú ni. Àwọn tó kù kì í ṣe ewé tíì rárá. Rooibos, igi kékeré kan tó ń hù ní òkè Cederberg ní South Africa ni. Àwọn tó pupa fòò tí wọ́n kọ hibiscus sí lára, iṣápá wa náà ni, iṣápá tí a fi ń ṣe zobo. Àbúrò mi fi owó pọ́n-ún ra zobo ránṣẹ́ sí mi ní Èkó. Ìyàsọ́tọ̀ yìí wúlò, torí pé rooibos àti iṣápá kò ní káfíìnì tó ń lé oorun lọ. Tàwọn ọmọ àti ti alẹ́ nìyẹn. Mo sì ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò kọ̀ọ̀kan, torí tíì Kérésìmesì míì máa ń ní álímọ́ńdì nínú, ara gbogbo èèyàn kọ́ ló sì gbà á.

Mo kó wọn kúrò ní kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná pátápátá. Ewé tíì a máa fa òórùn mọ́ra, ilé ìdáná tí irú àti edé bá sì wà, kò sí ibi tí tíì máa sá sí. Omi ńkọ́? Omi inú ìgò ni mo lò. Omi kànga ẹ̀rọ tiwa ní irin nínú, tíì tó bá kàn án máa ń ṣókùnkùn, adùn rẹ̀ á sì kú. Àárọ̀ ni a ń tọ́ ọ wò, kí ata tó kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Mo tún sọ fún ọmọbìnrin mi pé kó má fín lọ́fíńdà wá sórí tábìlì. Ó ṣe ẹnu ṣùrù, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Màá gbóòórùn ewé náà ní gbígbẹ. Màá da omi lé e nínú kọ́ọ̀pù funfun, kí n lè rí àwọ̀ rẹ̀, màá sì fi àwo kékeré dé e, torí pé inú ooru tó ń gòkè yẹn ni òórùn tí a sanwó fún wà. Tíì dúdú ń fẹ́ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ ewé ò fẹ́ omi híhó. Ìwọ̀n ooru 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni tirẹ̀, ìṣẹ́jú méjì tó o. Mi ò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Mo kàn jẹ́ kí omi hó, mo ṣí ìdérí, mo sì dúró títí ooru rẹ̀ fi rọlẹ̀ tí kò rú tùù mọ́. Rooibos le, ẹ lè fi í sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú méje, kò ní korò. Fóònù ni mo fi ń ka àkókò. Tó bá ti dún, àpò gbọ́dọ̀ jáde, torí pé ibi tí ewé bá ti pẹ́ jù nínú omi ni kíkorò tó ń fa ahọ́n ti ń wá.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo. Bẹ́ẹ̀ ni, ariwo. Bí àwọn tó ń fi títọ́ tíì wò ṣe iṣẹ́ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kí atẹ́gùn lè gbé òórùn rẹ̀ lọ sókè imú. Àwọn ọmọ tí mo ti fi ojoojúmọ́ bá wí pé wọn kò gbọdọ̀ máa fa tíì bẹ́ẹ̀ wò mí lójú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Èyí tó ní ọsàn, sínámọ́nì àti kànáfùrù la fi bẹ̀rẹ̀, torí pé òun gan-an ni wọ́n ń pè ní tíì Kérésìmesì lọ́hùn-ún. Gbígbẹ rẹ̀ ń rùn gbuurugbu, gbogbo pálọ̀ gbà á. Nínú omi, ọsàn ló kọ́kọ́ dé, sínámọ́nì tẹ̀ lé e, kànáfùrù ló sì dúró kẹ́yìn lórí ahọ́n. Kò nílò nǹkan kan. Mo fi oyin díẹ̀ sí ìdajì rẹ̀ láti wò ó, ọsàn náà tún yọ dáadáa sí i. Lẹ́yìn èyí ni mo fi mílíìkì sí ìyókù, kànáfùrù nìkan ló ṣẹ́kù.

Oní-fánílà tàn wá. Imú gbọ́ kéèkì, ahọ́n rí omi tíì lásán. Òórùn ni fánílà, kì í ṣe adùn. Orí wa ló ti fi ṣúgà kún un kó tó dénú ẹnu. Ṣúgà díẹ̀ báyìí ló sọ òórùn náà di òótọ́. Oní-míńtì pẹ̀lú kòkó, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, èmi ò rí i rò.

Earl Grey ni ọkọ mi mú. Ọsàn kan tí wọ́n ń pè ní bergamot, tí wọ́n ń gbìn jù lọ ní Calabria ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ítálì, òróró èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi sí ewé dúdú náà. Oní-jasmine yàtọ̀ sí ìyẹn. Òdòdó tútù gan-an ni wọ́n ń pò mọ́ ewé lálẹ́, nígbà tí òdòdó náà ń là, tí wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí ewé bá ti fa òórùn rẹ̀ tán. Ewé aláwọ̀ ewé ni tiwa yìí, ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí omi rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ ká tó dà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wá kí wa da omi híhó lé tiẹ̀, ó ní ó korò bí ewúro, kò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Bùọ̀dá kan náà ló gbé èyí tó ní èso ápù àti iṣápá, ó sì na ọwọ́ sí agolo mílíìkì. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kò gba mílíìkì o." Wọ́n ní tíì wo ni kò ní gba mílíìkì. Wọ́n dà á. Lójú gbogbo wa ni mílíìkì náà fi já sí wẹ́wẹ́, funfun wóróworo ń léfòó lórí omi pupa. Kíkan inú iṣápá ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, bí òroǹbó wẹ́wẹ́ náà ṣe máa ń ṣe é. Bùọ̀dá mi gbé kọ́ọ̀pù náà kalẹ̀, wọ́n béèrè bóyá ìrẹsì ti jinná.

Lapsang Souchong ni mo fi sí ìkẹyìn, torí pé bó bá ti kan ẹnu, kò sí tíì tó máa dùn lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti wá, láti agbègbè Fujian, wọ́n sì ń fi èéfín igi páìnì gbẹ ẹ́. Bí mo ṣe ya àpò rẹ̀ báyìí, ìyá ọkọ mi tó wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa láti Ìsàlẹ̀ Èkó pè mí láti yàrá: "Ìyàwó, ta ló ń yan ẹja?" Mo ní, "Ẹja kọ́ o, Màmá, tíì ni." Wọ́n jáde wá, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tún un gbọ́. Òótọ́ ni, bí agbọ̀n ẹja gbígbẹ ní Makoko ló ṣe ń rùn. Gbogbo ilé ló sá fún un. Màmá nìkan ló jókòó tì í, wọn ò fi ṣúgà sí i, wọ́n fi àkàrà gbígbóná méjì tì í, wọ́n mu ún tán. Wọ́n ní òun nìkan ló ní láárí nínú gbogbo ohun tí mo ti ń gbé fáwọn láti àárọ̀, pé ìyókù, omi ọṣẹ ni. Mo tọ́ ọ wò pẹ̀lú àkàrà: Màmá jàre. Epo àkàrà àti èéfín yẹn mọ ara wọn.

Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ omi gbóná. Àwọn eléso ni mo ń fi sínú ìgò omi tútù lálẹ́ tí màá gbé sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Omi tútù kì í tètè fa kíkorò jáde, ó kàn ń pẹ́ ni. Ápù oníṣápá yẹn, tó ba mílíìkì jẹ́ lówùúrọ̀, òun ló dára jù lọ báyìí, pẹ̀lú yìnyín àti ewé míńtì. Ọjọ́ tí iná ò sí, a ra yìnyín lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta omi tútù.

Nígbà tí àpò tíì ń tán lọ ni mo ronú pé, kí ló wà nínú tíì Kérésìmesì yẹn tí kò sí ní Oyíǹgbò? Ọsàn pọ̀ yanturu lóṣù Kejìlá. Mo ra ọsàn, jínjà àti kànáfùrù, mo rí sínámọ́nì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà. Mo fi ọ̀bẹ bó èèpo ọsàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mi ò jẹ́ kí funfun inú rẹ̀ bá a wá torí kíkorò, mo sì sá a sórí àtẹ pẹ̀lú àwọ̀n lórí. Ọyẹ́ tó ń gbẹ wá létè ló bá mi gbẹ ẹ́. Nígbà òjò, ebu ni ìbá bù.

Ewé tíì tí wọ́n ń gbìn ní orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba ni mo lò, a máa ń rí i rà ní sọ́ọ̀bù ńlá. Fún lítà omi kan: jínjà tó tó àtàǹpàkò, tí a tẹ̀ fọ́, kànáfùrù mẹ́rin, ẹ má kọjá ìyẹn, torí ó máa ń mú ahọ́n kú, ìdajì igi sínámọ́nì, ìkúnwọ́ kékeré èèpo ọsàn. Ẹ jẹ́ kó hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí èròjà líle ló ń fẹ́ iná. Ẹ pa iná, kí ẹ tó fi àpò tíì mẹ́rin sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí ẹ sì sẹ́ ẹ. Àwọn ará Íńdíà máa ń se tiwọn pọ̀ mọ́ mílíìkì lórí iná, òun náà dùn, ṣùgbọ́n mílíìkì ibẹ̀ ni ó ń bá kíkorò rẹ̀ jà.

Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, mo rọ ọ́ sínú fúláàsì fún àwọn àlejò lẹ́yìn ìrẹsì àti ẹran. Ó tán kí wọ́n tó béèrè ohun tó jẹ́. Ìyàwó ilé kejì gbóòórùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ránṣẹ́ wá pé kí n bu díẹ̀ nínú èèpo ọsàn gbígbẹ tó kù fún òun. Mo ní kó lọ jẹ ọsàn tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni èèpo.