Bí mo ṣe wá orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún orí Láyípo

Àbúrò mi kan tó máa ń mú àlejò káàkiri Ìbàdàn ló gbé iṣẹ́ yìí wá. Ó ti kọ ojú ewé kan ní Yorùbá nípa Láyípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ̀ ní 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó àkọ́kọ́ tó ṣe ajẹ́lẹ̀ n'Ìbàdàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, kò lè gbà yín ju wákàtí kan lọ." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo lò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fà á: "orí òkè tí èèyàn ti ń wo gbogbo ìlú."

Àwa kì í wá ọ̀rọ̀ ẹyọ kan fún un, a máa ń ṣàlàyé rẹ̀ ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù.

Overlook ni mo kọ́kọ́ kọ. Òun ló kún ara pátákó ojú ọ̀nà Blue Ridge Parkway, títì tó gba orí òkè Virginia àti North Carolina kọjá l'Amẹ́ríkà. Ìgbà tí mo ka ohun tí mo kọ sókè, ó dà bíi pé a ní kí àlejò gbójú fo Ìbàdàn, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé èèyàn ò kíyè sí nǹkan. Mo pa á rẹ́.

Mo fi lookout rọ́pò rẹ̀, èyí tí àwọn ará Ọsirélíà fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n lookout náà ni ẹni tó ń ṣọ́nà níta nígbà tí àwọn olè yòókù ti wọlé. Ká sòótọ́, ìlú jagunjagun bíi tiwa ì bá gba ọ̀rọ̀ ìṣọ́nà. Ilé gogoro yẹn ni kò bá ogun kankan.

Beauty spot ńkọ́? Báwọn ará Britain ṣe ń pe ibi tó rẹwà nìyẹn, àmọ́ wọ́n tún ń pe àmì dúdú kékeré tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ obìnrin bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó ta la fẹ́ mú wọn lọ wò?"

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbéra lọ síbẹ̀. Àtẹ̀gùn yẹn ń yí, èmi náà ń yí, ọwọ́ mi ò kúrò lára ògiri. Mo dé òkè, mo mí kanlẹ̀: páànù tó ti dípẹtà lọ súà, Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè tirẹ̀, Ilé Koko lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe mi. Nǹkan méjì ni gbólóhùn àbúrò mi dì pọ̀: òkè fúnra rẹ̀, àti orí ilé tí wọ́n kọ́ sórí òkè. Mo pe òkè ní viewpoint, bí wọ́n ṣe ń pè é lórí máàpù àwọn ará Britain. Òótọ́ ni pé viewpoint tún lè jẹ́ èrò ọkàn èèyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gun èrò ọkàn. Orí ilé di viewing platform. Observation deck ì bá ṣe é, àmọ́ ilé àwòṣífìlà bíi Empire State ní New York ló máa ń mú wá sọ́kàn mi, tiwa ò sì ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ.

Láyípo nìkan ni mi ò túmọ̀. Àbúrò mi ní àlejò àkọ́kọ́ tó gba ìwé náà ti fẹ́ bi òun ní ìtumọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti òyì lójú, kò béèrè mọ́.