Ọ̀rá Ìtẹ́nú Táǹkì Omi: Dúdú Nìkan Ò Tó

Ẹni tó ti gbẹ́ kòtò omi tàbí tó ti mọ táǹkì tán, tó wá ku kó ra ọ̀rá tí yóò tẹ́ sínú rẹ̀ kí omi má baà jò, òun la kọ ìwé yìí fún. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Àwọn táǹkì tí a lọ wò lẹ́yìn tí omi wọn ti jò tán ló mú wa kọ ọ́, ohun kan náà la sì ń bá níbẹ̀: ọ̀rá dúdú tí àwọn bíríkìlà ń tẹ́ sábẹ́ kọnkéré ni wọ́n rà, torí pé ó dúdú, ó sì fẹ̀.

Ọ̀rá yẹn ò burú níbi iṣẹ́ tiẹ̀. Abẹ́ kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún, òòrùn kì í débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sínú táǹkì tí ò ní ìdérí, èyí tó wà lábẹ́ omi lè ṣì rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí omi mọ. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀rá á ti gan. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ. Lọ́jọ́ tí omi bá wá kún dé ibi tó ti sán, ẹ̀yìn ọ̀rá ló máa gbà lọ, á sì máa wó ògiri kòtò lulẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Àwọ̀ dúdú ò sọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá. Ike àlòkù ni wọ́n ń yọ́ ṣe òmíràn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tí àwọn ike náà ti gbé rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú rẹ̀ gba omi tí ọmọ yóò mu.

Kẹ́ ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ dáhùn ìbéèrè méjì: ta ni yóò lo omi náà? Ṣé òòrùn yóò máa pa ọ̀rá náà?

Bó bá jẹ́ omi mímu, ọ̀rá tí wọ́n kọ ọ́ sí lára tàbí sínú ìwé rẹ̀ pé ó yẹ fún omi mímu ni kẹ́ ẹ rà. NSF/ANSI 61, ìyẹn òdiwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ohun tó ń kan omi mímu, wà lára òǹtẹ̀ tẹ́ ẹ lè wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á kì í ṣe òǹtẹ̀. Èyí tó yẹ fún adágún ẹja náà ò fi dandan yẹ fún ènìyàn.

Ní ti òòrùn, PVC, ìyẹn irú ike kan, rọ̀, ó sì máa ń jókòó dáadáa sí igun, àmọ́ òòrùn máa ń fa èròjà tó mú un rọ̀ jáde, á wá le. Táǹkì tó ní ìdérí ló bá a mu. HDPE, ìyẹn irú ike mìíràn tó le, bó bá jẹ́ dúdú tó dára, tí èédú lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 2 sí 3 nínú 100, lè gba òòrùn fún ọdún púpọ̀. Ó le, ó máa ń sán níbi tí wọ́n bá ti ká a, ẹ̀rọ oníná ni wọ́n sì fi ń so ó pọ̀, nítorí náà kòtò ńlá ló wà fún. EPDM, ìyẹn rọ́bà, máa ń nà, ó sì ń fara da òòrùn, ṣùgbọ́n epo àti gírísì ń bà á jẹ́. Ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi lé e lórí.

Ìnípọn 0.75 mìlímítà ni kò gbọ́dọ̀ dín. Bí ilẹ̀ bá ní òkúta, ẹ ra 1 mìlímítà. Ọ̀rá bíríkìlà kì í sábà ju 0.3 lọ.

Kòtò tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó jìn ní mítà 2, tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, ń gba 24,000 lítà. Ẹ ṣírò jíjìn lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 75 kún etí kọ̀ọ̀kan: gígùn ọ̀rá á jẹ́ mítà 9.5, fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ mítà 8.5. Sẹ̀ǹtímítà 75 yẹn kì í ṣe àṣejù. 30 á tẹ́ sílẹ̀ létí kòtò, 30 á wọnú kòtò kékeré tẹ́ ẹ gbẹ́ yíká, 15 á sùn sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ó wá fi erùpẹ̀ bò ó.

Ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ da yanrìn tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ́ ọ̀rá. Ẹ kọ́kọ́ rọ omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fọwọ́ tún ibi tó wé pọ̀ ṣe, kẹ́ ẹ tó rọ ìyókù. Ìgbà tí omi bá kún tán, tí ọ̀rá ti jókòó, ni kẹ́ ẹ bo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àjákù tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ká a síbi tí òòrùn ò ti ní rí i. Òun náà lẹ ó fi lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó bá ya.