Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ téèyàn máa ń ṣe tó bá ń dá se ẹja àti ẹ̀fọ́ jẹ lálẹ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá oúnjẹ alẹ́ se fún ara wọn, ẹja ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé kaná, wọ́n á ní ṣebí òun ni olórí oúnjẹ, ìgbà tó bá ti ń dín lọ nínú páànù ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé kárọ́ọ̀tì ṣì wà nínú fíríìjì, wọn ò tíì fọ̀ ọ́, wọn ò tíì gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹja ẹyọ kan tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 péré ló ń lò lórí iná, èyí tó fẹ́lẹ́ ò tiẹ̀ ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì ńkọ́? Á lọ sí bí ìṣẹ́jú 20, pọ̀tétò tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ á gbà tó 15, kárọ́ọ̀tì á gbà tó 8, ẹ̀fọ́ eléwé ò sì ju 2 tàbí 3 lọ. Ṣé ẹ wá rí i pé ẹja ò gbọdọ̀ ṣáájú? Ìrẹsì tàbí pọ̀tétò lẹ máa kọ́kọ́ gbé kaná, kẹ́ ẹ gé gbogbo ẹ̀fọ́ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé èyí tó le nínú wọn kaná, kí ẹja tó wá tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá wá yí ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ máa da ẹ̀fọ́ eléwé sínú páànù tiẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á jọ dénú abọ́ ní gbígbóná.

Tí ẹja bá fi ṣáájú, ó máa jinná jù ni, kò sí àní-àní, torí kódà tẹ́ ẹ bá pa iná, orí páànù gbígbóná yẹn ló ṣì wà, á kàn máa jinná lọ ni títí ẹ̀fọ́ á fi ṣe tán. Ara ẹja ò le bí ara ẹran, kì í fẹ́ kéèyàn sè é pẹ́, tí iná bá pọ̀ jù fún un pirotéènì inú ẹ̀ á sún kì, á fún omi ara ẹ̀ jáde, ohun tẹ́ ẹ máa wá jẹ á gbẹ bíi pákó. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ẹja tó dáa tí wọ́n ṣe báyìí. Tó bá jẹ́ salmon lẹ ń dín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí nǹkan funfun kan tó ń yọ jáde, pirotéènì náà ni, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan, àmọ́ tó bá ti ń yọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ mọ̀ pé iná yẹn ti le jù. Ẹ ki fọ́ọ̀kì bọ ibi tó nípọn jù lára ẹja, kẹ́ ẹ rọra yí i, tó bá ń ṣí ní ìpele-ìpele tí inú ẹ̀ ò sì dà bíi tútù mọ́, ó ti jinná nìyẹn, ẹ gbé e kúrò. Ẹni tó bá ní tẹmómítà oúnjẹ, 63°C ni kó wò fún.

Èkejì ni kéèyàn gbé ẹja tó ṣì ń kán omi sínú páànù tí ò tíì gbóná. Omi yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ooru ná kí ara ẹja tó lè pọ́n, kó tó pọ́n ó ti ń jinná nínú, ó sì ti lẹ̀ mọ́ páànù. Ẹ fi tísù nù ún gbẹ, tojú tẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí òróró gbóná kẹ́ ẹ tó gbé e sí i, ibi awọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ jàre! Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ yí tó bá ń dì mọ́ páànù, kò tíì tó àsìkò ni, tó bá ti pọ́n dáadáa fúnra ẹ̀ ló máa jọ̀wọ́ ara ẹ̀.

Ẹ má yọ́ ẹja tó dì nínú omi gbígbóná o, ẹ má sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì láti àárọ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa ti ibi iṣẹ́ dé. Ìta á ti gbóná nígbà tí inú ṣì dì, ibi tó gbóná yẹn ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i. Inú fíríìjì ni kó sùn mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ dì í pa sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ rì í sínú omi tútù, ẹyọ kan ṣoṣo ò ní lò tó wákàtí kan kó tó yọ́. Ìdí tó fi dáa kẹ́ ẹ pín ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ tó kó o sínú fíríìsà nìyẹn, kò ní di pé ẹ ń yọ́ mẹ́rin torí ẹyọ kan.

Ti abọ́ ńkọ́? Ẹja ńlá kan, ìrẹsì gègèrè, kárọ́ọ̀tì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀ṣọ́, wọ́n á ní àwọn jẹ ẹ̀fọ́. Rárá o. Ẹ̀fọ́ ló yẹ kó gba ìdajì abọ́, ẹja á gba ìdá mẹ́rin kan, ìrẹsì tàbí pọ̀tétò á gba ìdá mẹ́rin tó kù, torí pọ̀tétò ò sí lára ẹ̀fọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, ní kí àgbàlagbà máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó tó gíráàmù 400 lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹ̀fọ́ bíi gíráàmù 200 lálẹ́, ẹ ti kó ìdajì ẹ̀ nìyẹn. Ẹja tútù bíi gíráàmù 120 sí 150 ti tó ẹnì kan, pirotéènì bíi gíráàmù 20 ló wà nínú gíráàmù 100 ẹja. Àwọn kan tún wà tó máa yọ ìrẹsì kúrò pátápátá, tí wọ́n á yọ òróró náà, kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́ ebi ti dé, wọ́n á wá máa wá bísíkíìtì kiri. Òróró díẹ̀ wúlò, òun ló ń jẹ́ kí ara gba oore tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ eléwé. Kéèyàn máa dà á látinú ìgò láìwọ̀n ni mi ò fẹ́, ṣíbí ìjẹun kan péré ti ní kálórì bíi 120.

Ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ sè nínú omi rẹpẹtẹ tẹ́ ẹ wá da omi ẹ̀ nù, ẹ ti da fítámì C nù mọ́ ọn. Omi díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, kẹ́ ẹ dé e, ó tó. Ẹ má fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i nígbà tó ṣì wà lórí iná, ewé tútù yọ̀yọ̀ yẹn máa ṣú ni, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ò gbọdọ̀ rẹ ẹja sínú omi lẹ́mọ́ọ̀nù ju ìdajì wákàtí lọ, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í le kó tó débi iná.

Tí ẹja bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e sí fíríìjì kó tó pé wákàtí 2, ó lè lo ọjọ́ 3 níbẹ̀. Ẹ má tún un dín, á gbẹ. Bó ṣe tutù yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fọ́ ọ sórí ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kejì.

Iyọ̀ ló kù. Gíráàmù 5, ìyẹn bí ṣíbí kékeré kan, ni WHO ní kéèyàn má dé lójúmọ́, iyọ̀ sì ti pọ̀ nínú máàgì tẹ́lẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti fi máàgì sí i, ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i nínú abọ́, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó nawọ́ sí iyọ̀.