Tábà, Oògùn Apakòkòrò àti Àìsàn Ìsoríkọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí ń jẹ́ acetylcholine, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tó ń bà lé lára sẹ́ẹ̀lì ni à ń pè ní nicotinic receptor, nítorí pé nikotíìnì inú ewé tábà náà máa ń bà lé e.

Ní ọdún 1972, David Janowsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé bí iṣẹ́ acetylcholine bá pọ̀ jù nínú ọpọlọ, ìsoríkọ́ lè tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn tí ara wọn yá kọjá ààlà ní physostigmine, oògùn tí kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè pòórá, ara wọn rọlẹ̀, àwọn kan sì sorí kọ́. Inú ẹ̀wà olóró Kàlàbá, tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́, ni wọ́n ti rí oògùn yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àgbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀nà kan náà tí physostigmine ń gbà ṣiṣẹ́ ni àwọn oògùn apakòkòrò bíi dichlorvos àti chlorpyrifos ń gbà pa kòkòrò. Ẹ má ṣe da dichlorvos sí ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ tọ́jú. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ń pa kòkòrò láìsí oògùn kankan. Ẹni tó bá ń fọ́n oògùn, kí ó bo imú, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ó tó gbé ọmọ. Nínú ilé tí ẹnìkan bá ti sorí kọ́, ẹ kó àwọn oògùn wọ̀nyí kúrò nílé, tàbí kí ẹ tì wọ́n mọ́ inú àpótí.

Àwọn kan gbà pé sìgá tàbí aáṣáà ń lé ìrònú lọ. Nikotíìnì a kọ́kọ́ ta receptor jí, lẹ́yìn náà receptor a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìtura a sì dé. Ṣùgbọ́n bí nikotíìnì bá ti ń tán lára, ìkanra àti ìrẹ̀wẹ̀sì a padà, ẹni náà a sì tún wá sìgá mìíràn. A kò lè pe èyí ní ìwòsàn.

Mecamylamine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àtijọ́ tó ń dí receptor yìí, fúnni nírètí nínú ìwádìí kéékèèké lórí ìsoríkọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n dán ẹ̀yà rẹ̀ kan wò lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, tí èsì sì jáde ní ọdún 2011 àti 2012, kò ṣe ju oògùn aláìní-èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra lọ. Bupropion, tó ń dí i díẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ mìíràn, ni dókítà ń lò fún ìsoríkọ́ àti fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá. Kò yẹ fún oníwárápá.

Bí ìbànújẹ́, àìsùn tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ oko bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, tàbí sí Aro ní Abẹ́òkúta. Ẹ sọ fún dókítà irú oògùn tí ẹ ń fọ́n sóko, àti iye tábà tí ẹ ń lò lójúmọ́.