Ẹ̀rọ ìfọjú tí kò ní omi

Píọ̀ wọ́tà la fi fọ ojú ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù wa. Sódà tó ń pò, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ló ta sí i lójú. Sódà sì burú fún ojú ju ọ̀pọ̀ ásíìdì lọ. Ńṣe ló máa ń jẹ wọnú ẹyinjú. A wọ́ ọ débi ẹ̀rọ ìfọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn fọn jáde, omi onípẹtà díẹ̀ kán tẹ̀lé e, ó tán. La bá ń fi eyín ja ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà.

Ìlànà ANSI Z358.1 ti Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ ìfọjú ní kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán lítà 1.5 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò ó: ọ̀rá 45 ti 50cl. Odindi àpò méjì kò tó!

Bí ọ̀gá ṣe ní kí n yẹ ètò ààbò láàbù wa wò nìyẹn. Mo so sìlíńdà gáàsì mọ́ ògiri, mo lẹ orúkọ mọ́ ìgò, mo gbé nitric acid kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ acetone, kẹ́míkà méjì tí kò gbọ́dọ̀ pàdé. Ìyẹn ò le. Mo fi tíṣù wo kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín: tíná bá wà, ó ń fà á, tó bá di ti jẹnẹrétọ̀, tíṣù ò mira. Wọn ò so fáànù rẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ rárá. Oníná tún un ṣe, ó parí.

Omi ló fojú mi rí nǹkan. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé ní kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Wọ́n ṣí fáìlì hàn mí: wọ́n ti rà á, wọ́n ti gbé e sí i, ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Akọ̀wé wọn lọ ìsinmi. Páìpù ìjọba tí kì í sábà yọ omi ni wọ́n so ẹ̀rọ ìfọjú náà mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni bohóòlù wà lẹ́yìn ilé!

Mo pe Àáfà púḿbà kan ní Táńkẹ̀, nílùú Ìlọrin níbí. Ó gbé tánkì dúdú sórí òrùlé, ó fa omi wá. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mo yọ̀. Lọ́sàn-án, mo ki tẹmọ́mítà bọ omi náà: 43°C. Ìlànà ní kó má kọjá 38. Oòrùn Ìlọrin kì í ṣeré.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé e sábẹ́ ìbòòji."

"Àáfà, èló nìyẹn?"

Irin ìdúró àti páànù tó bò ó wọ́n ju tánkì fúnra rẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ibi tí tánkì máa wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń ṣí ẹ̀rọ náà títí omi á fi mọ́ gaara. Mo kó rìsíìtì lọ bá wọn lọ́fíìsì kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní àwọn ò lè sanwó àtúnṣe fún ohun tí kò bàjẹ́ nínú fáìlì.