Mẹkáníìkì fi stabilizer tó nípọn sí iwájú ọkọ̀ mi, ẹ̀yìn ni àtúnṣe rẹ̀ wà

₦85,000 ni mo san, ọkọ̀ mi wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Bí mo bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà Kubwa wọ Gwarinpa, màá yí sítíárìn, ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ á máa sá síta kọ́nà. Iwájú ló ń fa ọkọ̀ yìí. Mẹkáníìkì ní, “Ẹ̀gbọ́n, stabilizer yín ló tẹ́ẹ́rẹ́.” Ó ra èyí tó nípọn ní Zuba, tòkunbọ̀, ó fi í sí iwájú. Lóòótọ́, ọkọ̀ kò fì mọ́, àmọ́ imú rẹ̀ ń sá ju ti àná lọ!

Mo bá jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fúnra mi. Stabilizer ni irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ tòsì. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ibi tí irin yẹn bá ti le jù ni ẹrù ti máa ń ré sórí táyà ẹ̀gbẹ́ kan jù, táyà kan tó ń dá ẹrù rù kì í sì í di ilẹ̀ mú tó méjì tó pín in. Iwájú tèmi ló ń yọ̀, ibẹ̀ náà la tún lọ le sí i!

Mo ra èyí tó nípọn fún ẹ̀yìn, kí ẹrù tó ń ré níwájú lè dínkù: 16 mm dípò 14 mm. Ẹ má fojú kéré 2 mm yẹn o, ó fi nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Linkage, irin kékeré tó so stabilizer mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo ń tú nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì ń yí, irin tó wà nínú rẹ̀ náà ń bá a yí. Ihò kékeré wà lórí irin náà tí wọ́n fi ń dì í mú. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, sípánà kàn ń yọ̀ nínú rẹ̀ ni. Wákàtí méjì gbáko nínú oòrùn Àbújá! Mo fi ẹ̀rọ gé nọ́ọ̀tì, síbẹ̀ linkage kò jáde. Táyà òsì tó ṣì wà nílẹ̀ ló ń lọ́ stabilizer, òun ló há a. Nígbà tí mo gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè, ọwọ́ lásán ni mo fi yọ ọ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ dá ti iwájú padà, mẹkáníìkì ti ta irin mi àtijọ́. ₦30,000 mìíràn! Bí wọ́n bá pààrọ̀ nǹkan fún yín, ẹ gba ti àtijọ́, ẹ jù ú sí búùtù lójú ẹsẹ̀.

Ní báyìí, ibi tí mo bá yí sítíárìn sí lọkọ̀ ń lọ, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣe é. Bí òjò bá rọ̀, mo máa ń rọra, torí ìdí ọkọ̀ ló lè yọ̀ báyìí. N kò jẹ́ fi èyí tó nípọn ju 16 mm lọ síbẹ̀.