Ọ̀sà Kì í Ṣe Òkun: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Kọ́ Ọmọ Àbújá Nípa Ilẹ̀ àti Ìtàn Èkó

Màmá àgbà kan ló tọ́ mi sọ́nà ní Kubwa, ní Àbújá. Wọ́n wá láti Ìsàlẹ̀ Èkó kí ọmọ wọn, wọ́n sì tẹ̀lé àwọn ọmọ-ọmọ wọn wá sí kíláàsì Yorùbá tí a máa ń ṣe ní Sátidé. Mo ti ya Èkó sójú pátákó, mo fi ṣọ́ọ̀kì búlúù kun omi tó wà láàárín Èbúté Mẹ́ta àti Ìkòyí, mo sì kọ "òkun" gàdàgbà sí i. Màmá jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ọ̀sà nìyẹn. Òkun ṣì wà níwájú." Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka tọ ojú pátákó láti Èbúté Mẹ́ta, wọ́n gba orí ọ̀sà, wọ́n kọjá Ìkòyí, wọ́n kọjá Victoria Island, kí ìka wọn tó kan òkun. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ lójú gbogbo kíláàsì.

Àṣìṣe yìí ni mo ń rí jù lọ́dọ̀ àwa olùkọ́ àti òbí tí a wà ní Àbújá. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì fún omi méjì, àwa ń pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Òkun ni omi iyọ̀ tí ojú kò rí òpin rẹ̀. Ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, iyanrìn ló la àárín wọn, inú rẹ̀ ni odò Ògùn ń ṣàn sí, ẹnu tóóró kan ló sì gbà já sí òkun. Ọmọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní mọ ìdí tí èbúté fi wà ní Èkó. Inú ọ̀sà ni ọkọ̀ ti ń rí ibi fara balẹ̀, ojú òkun ni ìgbì ti ń jà.

Ẹ má fi ọdún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. "Ní 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, ní 1861 Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé." Ọmọ á kọ́ ọ sórí, á dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò, ó parí. Iyanrìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbì máa ń kó iyanrìn jọ sí ẹnu ọ̀sà, a di òkìtì lábẹ́ omi, ọkọ̀ ńlá tó bá gbà á kọjá lè fi ìdí gúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ńlá fi ń dúró lójú òkun láyé àtijọ́, tí ọkọ̀ kéékèèké wá ń kó ẹrù wọn wọlé. Ní 1907 ni ìjọba amúnisìn mú ọkọ̀ tó ń gbẹ́ iyanrìn lábẹ́ omi wá, ní 1908 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to odi òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀sà. Èkó kò ní àpáta tí wọ́n lè fọ́, nítorí náà rélùwéè ló ń kó òkúta wá láti Àrò ní Abẹ́òkúta. Odi náà ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ńlá ń wọlé. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn há sẹ́yìn odi, kò dé Bar Beach, etíkun Victoria Island, mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀bá títì.

Ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí èyí nínú tírè oníke kan, ibẹ̀ gan-an sì ni a ti ń ṣi nǹkan ṣe jù. Àwọn kan á lọ bu yẹ̀pẹ̀ níwájú ilé. Omi á pọ́n, kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan. Iyanrìn tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ bù, kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tírè kó dà gẹ̀rẹ́, ẹ bu omi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ ní ìlà kan láti etí iyanrìn wọ inú omi. Rúlà ni kí ọmọ fi máa ti omi. Bí ó bá ń tì í gbọọrọ síwájú, iyanrìn kò ní rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbì ṣe ń dagun wọ etíkun Èkó. Ẹ fi bírò fa ìlà sára tírè níbi tí iyanrìn dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iyanrìn á ti ga lẹ́yìn òkúta, ìhà kejì á ti ṣófo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án kan pariwo ní kíláàsì mi pé, "Ó ń jẹ ẹ́! Ó ń jẹ ẹ́!" Ká ní mo ti sọ ọ́ ṣáájú, ariwo yẹn kò ní sí.

Mo tún gbọ́ tí olùkọ́ kan ní kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ nípa ilẹ̀ Èkó, nítorí kò ní àpáta bíi Zuma. (Ìpínlẹ̀ Niger ni Zuma wà, lẹ́bàá Madalla, ẹ má kọ́ ọmọ pé Àbújá ló ni ín.) Irú àpáta yẹn ti wà fún ohun tó ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Ọjọ́ orí ilẹ̀ oníyanrìn etíkun Èkó kò ju ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan. Àpáta àtayébáyé wà lábẹ́ Èkó náà, ṣùgbọ́n ó jìn gan-an, iyanrìn àti amọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ bi ọmọ pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ri òpó jìn wọlẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ilé gogoro sí Victoria Island, nígbà tí ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Àbújá lè kan àpáta láìpẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ odò. Àwọn ọmọ gbà pé omi Àbújá ń ṣàn lọ sí Èkó. Rárá o. Odò Usuma tó wà ní Àbújá ń wọ odò Gurara, Gurara ń wọ Odò Ọya, Odò Ọya ń já sí òkun ní ìhà Niger Delta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ lórí máàpù.

Ní ti ìtàn, ẹ má sọ pé Dòsùnmú ta Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Prometheus, wà lójú omi nígbà tí ó fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861. Ẹ má fo òwò ẹrú, ẹ má sì fo àwọn Sàró tó padà wálé láti Sierra Leone àti àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil. Ẹ má yọ Òkè Ọya kúrò nínú ìtàn èbúté náà: rélùwéè dé Kano ní 1911, ẹ̀pà Kano sì gba Àpápá lọ sí òkè òkun. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ òbí àti òbí àgbà àwọn ọmọ wọ̀nyí ló bá iṣẹ́ ìjọba wá. Ẹ ní kí wọ́n lọ bi wọ́n léèrè nílé, kí wọ́n kọ ìdáhùn wá.

Ẹ má kó ọmọ kéékèèké sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀nà jìn, ìgbì etíkun sì máa ń já ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ẹ bẹ ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó kí ó bá yín bu iyanrìn etíkun díẹ̀ sínú ọ̀rá. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn Usuma, ẹ fún ọmọ ní awò asọǹkan-di-ńlá. Ti Usuma máa ń ní igun tó mú, ti etíkun ti yí nínú ìgbì títí kò fi ní igun tó mú mọ́. Kí ẹ sì kọ ibi tí wọ́n ti bù ú àti ọjọ́ tí wọ́n bù ú sára ọ̀rá náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rá mẹ́ta wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi báyìí tí n kò lè lò, torí n kò mọ èyí tó ti ọ̀sà wá nínú wọn, n kò sì mọ èyí tó ti òkun wá.